Ta Ni À Ń Wá? Orin Arò Christopher Okigbo Nígbà Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà

Chinua Achebe ń wakọ̀ láti Enugu lọ sí Ogidi, ìlú rẹ̀, ní ọdún 1967, nígbà tí rédíò inú ọkọ̀ túfọ̀ pé Mejọ̀ Christopher Okigbo, akéwì ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti kú. Ó wa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó dúró. Agbègbè Nachi ni, ibi tí pápá ti lọ súà lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ń dé, wọ́n ń kọjá lọ. Ohun tó ń bi ara rẹ̀ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ni pé àbí kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ni. Nígbà tó délé tó sọ ọ́ fún àwọn ará ilé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, figbe ta pé kí bàbá òun má jẹ̀ẹ́ kó kú. Ọ̀rẹ́ ni ọmọ yìí àti Okigbo. Bí Okigbo bá ti wá kí wọn, ọmọ á gun orúnkún rẹ̀, á di ìka rẹ̀ mú, á máa fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ṣẹ́ ẹ. Okigbo á máa ké bí ẹni tó ń jẹ̀rora, á sì máa sọ fún àwọn òbí pé ìkà ni àwọn ọmọdé.

Ìtúfọ̀ tí àwa mọ̀ ní ẹnu àti ẹsẹ̀. Ẹbí á yan ẹni tí yóò lọ, ẹni náà á jókòó, á gba omi mu, á fi ọ̀rọ̀ mìíràn ṣáájú kó tó kan ọ̀rọ̀ tó gbé e wá, ẹni tí wọ́n wá túfọ̀ fún yóò sì mọ ibi tí òkú wà àti ọjọ́ tí wọn yóò sin ín. Rédíò ìjọba tó ń jagun kò ráyè ìyẹn. Orúkọ àti oyè ológun ló ń kà jáde, orúkọ tó sì pè ní akọni ní ìhà kan odò ni wọ́n ń pè ní ọlọ̀tẹ̀ ní ìhà kejì. Ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí kò ju ẹyọ kan lọ: bí àwọn akéwì ṣe dárò ọ̀kan nínú wọn nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti pín sí apá méjì ogun, tí ó sì ṣubú síbi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ọmọ Ojoto ni Okigbo, ní ibi tí a ń pè ní ìpínlẹ̀ Anambra lónìí. Olùkọ́ ilé ìwé àwọn Kátólíìkì ni bàbá rẹ̀. Ó lọ sí Government College ní Umuahia, ó sì ka ìmọ̀ èdè Gíríìkì àti Látìn ní yunifásítì Ìbàdàn, ó jáde ní 1956. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ kọjá mọ Fìdítì. Níbẹ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ni Okigbo ti kọ́ àwọn ọmọ wa ní Látìn kí ọdún 1960 tó dé, ibẹ̀ náà ni ewì sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lọ́kàn tọkàntara. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé yunifásítì Nsukka, ó tún padà sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí aṣojú ilé ìtẹ̀wé Cambridge. Ìbàdàn yìí ni òun, Wọlé Ṣóyínká, akéwì J. P. Clark, Achebe àti àwọn mìíràn ti kóra jọ sí Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961, Mbari ló sì tẹ ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1962. Nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn ewì níbi àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn adúláwọ̀ ní Dakar ní 1966, ó kọ̀ ọ́, ó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ ewì aláwọ̀ dúdú: ewì ni ewì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ohun tí àwọn kan máa fi bá òkú rẹ̀ ṣẹjọ́ nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni tó dárò Okigbo, òun gan-an ti jẹ́ adárò. Ó kọ ewì arò méjì tó gùn nígbà tí ilẹ̀ Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tó bí wọn: rògbòdìyàn ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní 1962 àti ikú Patrice Lumumba, olórí ìjọba Congo, ló bí ọ̀kan, ẹ̀wọ̀n Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ikú àkọ́bí rẹ̀ ló bí èkejì. Ní 1963 ni Ṣẹ́gun Awólọ́wọ̀ kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀, ní ọdún kan náà tí wọ́n rán bàbá rẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ìlù ni Okigbo fi ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu nínú ewì kejì yìí. Kì í ṣe pé ó dárúkọ Awólọ́wọ̀. Ó lọ gbé Palinurus wá láti inú ìtàn Látìn tó ti kọ́, atukọ̀ tó já sínú òkun lóru tí ọkọ̀ sì ń lọ, tí wọn kò rí òkú rẹ̀ sin bó ti yẹ, ó sì bá a sọ̀rọ̀ nínú ibojì tó ṣófo. Ẹni tó bá mọ̀ pé aṣáájú tí a gbé jù sẹ́wọ̀n ni ewì ń sọ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí kò ní atukọ̀ mọ́ ni. Ọmọ Igbo ni ó ń ké báyìí lórí ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó wà lẹ́wọ̀n ní Calabar, kò sì sí ẹni tó bi í pé kí ló kàn án.

Oṣù kẹjọ 1966 ni wọ́n tú Awólọ́wọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ogun dé ní oṣù keje 1967, òun ni kọmíṣọ́nnà ètò ìṣúná nínú ìjọba àpapọ̀ tí Okigbo gbé ìbọn kọjú sí. N kò sọ èyí láti fi bu ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ nítorí pé ó fi irú ìdè tí ogun já hàn ju ọ̀rọ̀ gbogbo nípa ìṣọ̀kan lọ.

Ọdún tó ṣáájú ogun ti kọ́ ìlú ní ẹ̀kọ́ kan nípa ọ̀fọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje 1966, àwọn sójà mú olórí ìjọba, Aguiyi-Ironsi, àti olùgbàlejò rẹ̀, Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ìwọ̀-oòrùn, ní Ìbàdàn, wọ́n sì pa wọ́n sí ẹ̀yìn ìlú. Oṣù kínní 1967 ni ìjọba tó kéde ikú wọn ní gbangba, lẹ́yìn ìpàdé àwọn olórí ológun ní Aburi, ní Ghana, kí wọ́n tó sin Fájuyì sí Adó-Èkìtì. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, àwọn tó mọ̀ mọ̀, àwọn tí kò fẹ́ gbà kò gbà, kò sì sí ẹni tó lè sunkún níta. Ṣóyínká kọ ewì kan fún Fájuyì, ó sì wà nínú ìwé tó jáde ní 1967. Okigbo ní tirẹ̀ ti kúrò lórí òwe Látìn ní àkókò yìí. Àwọn ewì tó kọ láàárín 1966 yọ sí gbangba. Ó pe ara rẹ̀ ní akéde pẹ̀lú agogo irin rẹ̀, ó ní bí òun kò bá kọ́ bí a ṣe ń pa ẹnu mọ́, òun àti agogo yóò jọ lọ sí ọ̀run àpáàdì ni.

Ó padà sí ìlà-oòrùn. Òun àti Achebe bẹ̀rẹ̀ ilé ìtẹ̀wé kan ní Enugu, Citadel Press. Ìwé ọmọdé wà lára ohun tí wọ́n ń gbèrò láti tẹ̀. Ogun bẹ̀rẹ̀, Okigbo wọ iṣẹ́ ológun Biafra, ìlà-oòrùn tó ya kúrò lára Nàìjíríà, wọ́n sì fi í ṣe Mejọ̀. Ìjà tó jà ní ìhà Nsukka, ní agbègbè tí òun ti tọ́jú ìwé rí, ló pa á kí ogun tó pé oṣù mẹ́rin. Kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Àwa náà máa ń sọ ọ́ pé ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀, ṣùgbọ́n òwe yìí kò sọ ohun tí a ó ṣe nígbà tí akíkanjú náà jẹ́ akéwì tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà ní Èkó.

Ẹ wo ibi tí àwọn ẹgbẹ́ Mbari wà lọ́jọ́ náà. Achebe wà ní Biafra. Clark wà ní Èkó, ní apá ìjọba àpapọ̀. Ṣóyínká wà ní àtìmọ́lé. Ó ti lọ sí ìlà-oòrùn ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun, ó rí Ojukwu, olórí Biafra, ó rí Victor Bánjọ, nígbà tó sì padà ni wọ́n mú un, wọn kò tú u sílẹ̀ títí di oṣù kẹwàá 1969. Bánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú tó kó ogun Biafra dé Ọ̀rẹ̀, ni ìjọba Biafra yìnbọn pa ní Enugu ní oṣù kẹsàn-án 1967 pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn. Ta ni yóò pe ta ni láti wá bá a sunkún? Ọ̀nà ti dí, lẹ́tà kò kọjá, ẹni tó bá sì dárò ní gbangba ní láti mú apá kan kó tó lanu.

Nínú gbogbo ewì tí wọ́n kọ fún Okigbo, èyí tí mo kà sí olórí wọn kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Igbo ni Achebe fi kọ ọ́, orin tó sì gbé e lé lórí ti wà kí wọ́n tó bí i. Ní àdúgbò rẹ̀, bí ọ̀dọ́ kan bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ wà ní ìrọ̀ kan náà, á tò yí ìlú ká, wọ́n á máa pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni tó kàn rìn jáde. Wọ́n á bi ara wọn pé ta ni à ń wá, wọ́n á dáhùn pé lágbájá ni. Bó bá ṣẹ́gi lọ, kó máa bọ̀. Bó bá pọnmi lọ, kó máa bọ̀. Bó bá ná ọjà lọ, kó máa bọ̀. Ègbè orin náà, nzomalizo, á máa tẹ̀ lé e. Ìgbà tí wọ́n bá wá a títí tí ìwákiri sì rẹ̀ wọ́n ni wọ́n á tó gbà pé ọ̀nà tó gbà kò ṣe é padà. Achebe fi orúkọ Okigbo sí ibi tí orúkọ òkú máa ń wà, ó sì jẹ́ kí orin ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí èyí ṣe, nítorí orin arò tiwa kì í sábà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Tiwa ń sin òkú sọ́nà: ó di gbéré, ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá, bí o bá dọ́run, má jọ̀kùn, má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ níbẹ̀ ni kí o bá wọn jẹ. Ẹni tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ti rí òkú. Ó ti wẹ̀ ẹ́, ó ti dì í, ó mọ̀ pé ó ti ń lọ. Orin Igbo yìí bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìyẹn, ní wákàtí tí ilé kò tíì gbà. Nínú àlàáfíà, ẹ̀tàn adùn ni, gbogbo ènìyàn mọ ibi tí òkú wà, wọ́n kàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ kí ẹkún lè rí ọ̀nà jáde. Nínú ogun, ẹ̀tàn náà di òótọ́. Ẹni tó gbọ́ nípa ikú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí rédíò lẹ́bàá títì kò mọ̀ ju ohun tí orin ń béèrè lọ. Gbogbo ìbéèrè ibẹ̀ ló ní ìdáhùn kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ fọhùn sí, ẹnikẹ́ni nínú orin náà kò sì bi í pé apá wo ni òkú wà, tàbí pé ṣé ó tọ́ kó lọ tàbí kò tọ́. Igi, omi, ọjà: iṣẹ́ tí gbogbo ilé ń rán ọmọ ni.

Èyí tó súnmọ́ ọn lọ́dọ̀ tiwa ni ti àwọn ọdẹ. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sun ìrèmọ̀jé fún un, wọ́n á kó ohun èlò ọdẹ rẹ̀ jọ, wọ́n á gbé wọn lọ sínú igbó ní ìpà ọdẹ, kí ẹ̀mí rẹ̀ lè yọwọ́ nínú ẹgbẹ́. Ní Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú, wọ́n máa ń gbẹ́ ère àkó tó jọ olóògbé, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n á gbé e la ìlú já, lẹ́yìn tí òkú gan-an ti wọlẹ̀ tipẹ́. Àwọn baba wa mọ̀ pé ìsìnkú lè ṣẹlẹ̀ láìsí ara òkú nílẹ̀. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí orin Achebe fi wọ Yorùbá tó kà á lára bí ẹni pé nílé ni wọ́n ti kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ Igbo.

Achebe kọ òmíràn ní Aba ní 1968, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó rí ọ̀dọ́ igi máńgòrò kan tó hù lórí ìbòrí kọnkéré ilé ọ́fíìsì gogoro, ewé méjì péré, tó dúró lórí èso tó ti là tó sì dúdú. Oúnjẹ tó wà nínú èso nìkan ló ń jẹ, nítorí kò sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó tán, ó kú. Ó fi ewì náà ṣe ìrántí Okigbo, àmọ́ ní Aba 1968, nígbà tí ìyàn ti mú Biafra, ta ni kò ní rí gbogbo ọmọ kéékèèké ibẹ̀ lára igi náà? Ewì tó dára ni, tó ń gbọ̀n fún ìbànújẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti jìnnà sí Okigbo ọkùnrin tó ń pariwo ẹ̀rín pẹ̀lú ìka rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ Clark ló ṣòro jù. Ní 1968, kò tíì pé ọdún kan tí Okigbo kú, ogun ṣì ń lọ, ni òun àti Abíọ́lá Ìrèlé gba ìwé ìròyìn Black Orpheus sọ́wọ́ láti máa ṣe olóòtú rẹ̀, wọ́n sì tẹ àwọn ewì Okigbo tó sọ tẹ́lẹ̀ pé ogun ń bọ̀ síbẹ̀. Ọlọ̀tẹ̀ tó kú pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́ ni lójú ìjọba tí wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ ìsìnkú ni wọ́n ṣe yẹn, bí wọn kò tilẹ̀ kọ orin kan sí i. Lẹ́yìn náà ni ìwé ewì Clark lórí ogun jáde ní 1970. Nínú ọ̀kan, ìbọn ba ẹ̀ga kan ní ibi tí kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ tí iléeṣẹ́ epo ṣe, ilé ẹyẹ náà dorí kodò, koríko láti ilẹ̀ gbogbo sì wà lára rẹ̀. Ẹ̀ga, ẹyẹ tí ohùn rẹ̀ kì í dákẹ́ lórí ọ̀pẹ. Ẹni tó mọ Okigbo, tó mọ̀ pé Látìn àti oríkì Yorùbá àti orin Igbo ló fi hun ewì rẹ̀, kò ní wá àlàyé. Ṣùgbọ́n Clark kò fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó mú kí ẹyẹ náà sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti kó agbo gba ọ̀nà tí kò ní àbọ̀, tí kò sì lè padà láti kọ orin mìíràn. Ẹkún ni, ẹ̀bi sì wà nínú rẹ̀.

Nínú òmíràn tó kúrú gan-an, ọ̀rẹ́ kan bi Clark pé báwo ni a ṣe ń mọ agbárí kan yàtọ̀ sí òmíràn, bí ẹnì kan bá tilẹ̀ rí ibi tí Chris ṣubú sí, àti Sam, àti Emman. Àwọn ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Sam Agbam àti Emmanuel Ifeajuna wà lára àwọn tí wọ́n yìnbọn pa pẹ̀lú Bánjọ. Wọ́n fi agbárí wé ife tó dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tí ọtí inú rẹ̀ ti tán. Níbí ni Clark àti Achebe, láìbá ara wọn sọ, ti pàdé: ìwákiri kan náà ni, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ ń kọrin ní Ogidi, ní Èkó ọkùnrin méjì ló jókòó ti ife òfìfo. Ewì tó gbajúmọ̀ jù nínú ìwé náà ni Clark darí sí Achebe. Ó ní kì í ṣe àwọn tó kú nìkan ni ogun bá jà, àwọn yẹn ti bọ́, ó sì na ìka sí àwọn tó ń lọ ṣe aṣojú ìyapa lókè òkun nígbà tí ará ilé ń kú. Achebe wà lára àwọn tó rìnrìn àjò bẹ́ẹ̀ fún Biafra. Ọ̀rẹ́ méjì tó yẹ kí wọ́n jọ jókòó sídìí òkú kan náà ló ń bára wọn jà níbi ọ̀fọ̀.

Láti Ghana, Kofi Awoonor, ọmọ Ewe tí orin arò ìyá àgbà rẹ̀ ti kọ́ ní ewì, kọ tirẹ̀, ó sì yá àkọlé rẹ̀ lára ewì arò tí Okigbo fúnra rẹ̀ kọ nígbà ayé rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ní 1971 ni Ali Mazrui, ọmọ Kenya, gbé ìwé ìtàn àròsọ jáde nínú èyí tí wọ́n ti gbé Okigbo lọ sí ilé ẹjọ́ ní ayé àwọn òkú, ẹ̀sùn rẹ̀ sì ni pé ó fi ẹ̀yà rẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ ọnà tó jẹ́ ti gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ Dakar ló padà wá yìí: ẹni tó ní ewì kò ní àwọ̀, báwo ló ṣe kú fún àsíá? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Àmọ́ ọdún mẹ́rin péré ni òkú ti lò, ogun kò tíì parí ju ọdún kan àti díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè jẹ́jọ́ fún un. Ẹni tó bá ka ewì ìlù tó kọ nípa Awólọ́wọ̀ yóò tún rí i pé ẹni tó sunkún fún ẹ̀wọ̀n ẹlòmíràn nígbà tí kò kàn án kì í ṣe ẹni tí ojú rẹ̀ mọ sí ẹ̀yà tirẹ̀ nìkan.

Ní 1978, Achebe àti Dubem Okafor kó àwọn ewì ìrántí Okigbo jọ sínú ìwé kan, ilé ìtẹ̀wé kan ní Enugu ló tẹ̀ ẹ́. Igbe ọmọ ọdún mẹ́ta ọjọ́sí ni wọ́n fi ṣe àkọlé rẹ̀, pé kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kó kú. Orin ìwákiri tí Achebe kọ ní Igbo wà nínú rẹ̀. Ní 2007, UNESCO fi àwọn ìwé àfọwọ́kọ tí Okigbo fi sílẹ̀ sínú àkójọ ìrántí àgbáyé. Ewì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní èdè Igbo wà lára àwọn bébà náà.